Ìwé Abwooli Tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èmi Basemera, Adyeri yín tó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó sì ń fọ balùwẹ̀, ni mo kọ ìwé yìí. Kíláàsì márùn-ún péré ni mo kà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá wọ́, ẹ bá mi tò ó. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra, síbẹ̀ mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì lọ wo ẹni tó ń kọjá níta. Ewúrẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ló ń mú àyà mi lù báyìí. Ọ̀rọ̀ yìí ti pé oṣù mẹ́jọ nínú mi, ó ti tóbi ju inú mi lọ, òní ló máa jáde. Ẹ ti gbọ́ pé àlá ni mo lá tí mo fi rí Katusabe, akẹ́kọ̀ọ́ wa, létí adágún. Ẹ ti dúpẹ́ nítorí àlá yẹn, ẹ sì ti gbàdúrà fún mi. N kò lá àlá kankan.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí mọ àpótí Sista Kobugabe. Ẹ̀yin tuntun kò mọ̀ ọ́n, nítorí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Sista rí i pé ẹ̀kọ́ yìí ń wọ àwọn ọmọ lára. Wọ́ọ̀dù láàárọ̀, kíláàsì lọ́sàn-án, ìdánwò lórí ìdánwò, ẹni tí kò fojú kan òkú rí á sì fọwọ́ gbé òkú kó tó mu tíì àárọ̀. Ó gbé àpótí kan kọ́ ara ògiri yàrá ìkàwé, ó ní, “Ohun tó bá wúwo lọ́kàn yín, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ bàbá yín. Orúkọ ìkíni yín ni kí ẹ kọ.” Ẹ̀yin náà mọ̀ pé méjìlá péré ni orúkọ ìkíni tí gbogbo wa ń pín ní ilẹ̀ Tooro wa: ẹnì kan ń jẹ́ Adyeri bíi tèmi, ẹlòmíràn Abwooli, tàbí Atwooki, tàbí Araali. Abwooli mẹ́sàn-án ló wà nínú ilé ẹ̀kọ́ nígbà náà. Bí Abwooli kan bá kọ ìwé ẹkún, Sista á lẹ bébà mọ́ pátákó lọ́jọ́ náà gan-an: “Abwooli, wá mu tíì.” Gbogbo mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á lọ, wọ́n á mu tíì, wọ́n á ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, Sista á sì wá ọ̀nà bá ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sọ̀rọ̀, láìjẹ́ pé àwọn yòókù mọ ẹni tó sunkún. Ọgbọ́n ńlá ni. Èmi ni mo bà á jẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n gbé àpótí náà lọ bá Sista ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lọ́sẹ̀ kan ó pè mí, ó ní, “Adyeri, àwọn ọmọ ń ráhùn balùwẹ̀ o.” Ẹ̀rù bà mí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta, tí kò níwèé ẹ̀rí, bó bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, ibo ló ń lọ? Ìdè àpótí náà ti dẹ̀. Bí a bá fi èékánná fà á, á ṣí. Mo fà á. Mo rí ìwé kan tó ń sọ̀rọ̀ balùwẹ̀ lóòótọ́, mo tì í sínú àyà aṣọ mi. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. N kò dúró. Lọ́jọ́ kejì mo tún ṣí i. Mo ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n tó dá ìwé padà sínú àpótí. Ẹnì kan ń bẹ̀rù ìdánwò tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹnì kan ń purọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń sùn dáadáa. Ó dùn mọ́ mi. Ojú ti mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi. Èmi tí wọ́n ń rékọjá lórí ìgbálẹ̀ láìwojú, mo wá di ẹni tó mọ inú gbogbo wọn.

Atwooki, alásè wa nígbà náà, ló rí i lójú mi. “Adyeri, kí lò ń dá rẹ́rìn-ín sí bí ẹni tó rí ẹran nínú ẹ̀wà ilé ẹ̀kọ́?” Mo ní kò sí. “Kò sí kẹ̀? Ṣé ohun tí kò sí ló mú ọ ju ìgbálẹ̀ nù wá jókòó tì mí nídìí iná?” Mo sọ fún un. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti yọjú, á ní, “Ó dáa, ta ló ń kú lọ lónìí?” N kò dá a lẹ́bi. Òun kọ́ ló ṣí àpótí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, lọ́sàn-án, mo gbé ìwé kan wá. Mo ṣì mọ̀ ọ́n lórí. “Sista, ọmọ kékeré kan kú sí mi lọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù. Láti ìgbà yẹn, bí ọkàn mi bá ti kún, mo máa ń wọ yàrá tí a ń kó aṣọ sí, mo máa ń ki ojú bọ àárín aṣọ ibùsùn tí a ti lọ̀, mo sì máa ń pariwo síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má gbọ́. Mo máa ń fọ ọwọ́ mi títí á fi bó. Ṣé irú mi lè di nọ́ọ̀sì? Abwooli.” Bí mo ṣe kà á tán ni Atwooki ki ojú bọ épírónì rẹ̀. Ó ní, “Áà, aṣọ funfun, gbà mí o, àwọn aláìsàn fẹ́ pa mí.” Ó yọjú, ó ní, “Ẹni tó ń pariwo sínú aṣọ, ta ló máa bá a lọ aṣọ ọ̀hún padà?” Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà mọ ẹ̀rín mi, tó máa ń dún bí igbe adìẹ tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Nígbà tí mo gbójú sókè, abọ́ kan wà lórí fèrèsé tí a fi ń bu oúnjẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣì ń rú èéfín nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn akẹ́kọ̀ọ́ kan ni mo rí, tó ń lọ jẹ́jẹ́. Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀. N kò mọ ẹni tó jẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo ju ìwé náà sínú iná, Sista kò rí i.

Ní ọjọ́ kejì, Ọjọ́rú, ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí. “Sista, mo gbé ẹrù mi sínú àpótí yín, ilé ìdáná ni mo ti gbọ́ ọ. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ̀ mí gan-an. Bí ẹ kò bá rí mi níbi ìdánwò wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Ẹtì, màá wà létí adágún tó wà lẹ́yìn oko tíì. N kò mọ̀ bóyá màá padà wá. Abwooli.” Ẹ wò ó. Ọmọ náà ń nawọ́. Ó dárúkọ ọjọ́, ó dárúkọ ibi. Bí mo bá dá ìwé yẹn padà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Abwooli mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ì bá máa mu tíì lọ́dọ̀ Sista. Ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lórí ibi kan: ẹni tó ń gbálẹ̀. Mo tì í sínú àyà aṣọ mi. Mo gbé àpótí òfìfo lọ bá Sista. Ó wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, “Adyeri, kò sí ẹni tó ń sunkún lónìí.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Sista.”

Mo rò pé màá lè rí i fúnra mi, kí n sì tọ́jú rẹ̀ láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ẹ gbọ́ irú ọgbọ́n òmùgọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí gbogbo Abwooli, mo ń wo ojú, mo ń wo ọwọ́ bóyá ó bó. Ọwọ́ gbogbo wọn ló bó. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ọṣẹ wọ́ọ̀dù ti jẹ ẹ́. Kengonzi, ọ̀kan nínú wọn, tilẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Adyeri, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti kí mi láti àárọ̀. Bí ọmọkùnrin yín bá ń wá ìyàwó, kó wá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.” Mo rí mẹ́jọ. Wọ́n ní ìkẹsàn-án, Katusabe, ń kàwé, kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, mo gbé ọwọ́ sókè láti kànkùn. Mo gbé e sílẹ̀. Mo lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sán ganrínganrín, Sista jáde láti wọ́ọ̀dù, ó ní, “Ta ló rí Katusabe? Wọ́n pè é lẹ́ẹ̀mẹta fún ìdánwò, kò dáhùn.” Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré. Èmi tí orúnkún ń dùn, mo sáré dé ẹnu géètì, mo di ọlọ́dẹ wa Rwaboona lápá. “Araali, gbé alùpùpù rẹ, ó di adágún ẹ̀yìn oko tíì.” Ó ní, “Adyeri, ta ló máa ṣọ́ géètì? Kí ló wà níbẹ̀?” Mo ní Katusabe ni. Ó ní, “Báwo lẹ ṣe mọ̀?” Ìwé náà ń jó mi láyà bí ẹ̀yinná. Ó rọrùn kí n yọ ọ́. Mo ní, “Mo lá àlá.” Ó wò mí, ó tẹ iná sí alùpùpù. A fò. A gba àárín oko tíì, ewé ń nà mí lójúgun, àwọn tó ń já tíì ń pariwo pé kí wèrè méjèèjì rọra, mo sì ń lù ú lẹ́yìn pé kó tẹ̀ ẹ́ sí i. Ṣé ó ṣì wà? Ṣé ó ti pẹ́ jù? Mo rí aṣọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó jókòó sórí òkúta, ó bọ́ bàtà, ìwé rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀. Ó wà láàyè. Mo fò bọ́ lórí alùpùpù kó tó dúró. Mo ní, “Abwooli.” Ó yíjú. Mo dì í mọ́ra, mo ń sunkún, mo ń rẹ́rìn-ín, n kò mọ èyí tí mò ń ṣe.

Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá. Ó fa ara rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, “Ẹ̀rín yìí. Ẹ̀yin lẹ rẹ́rìn-ín ní ilé ìdáná.” Rwaboona ń wò wá. Mo ní, “Èmi kọ́, ọmọ mi. O ti rẹ̀ jù, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ lò ń gbọ́.” Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó ń wá ẹni tó máa gba òun gbọ́. A dé ilé ẹ̀kọ́, dókítà wá, ó bi í. Katusabe sọ gbogbo rẹ̀, àpótí, ilé ìdáná, ìwé Ọjọ́rú. Sista ní kò sí ìwé kankan nínú àpótí. Wọ́n pe Atwooki, ó ní òun kò mọ nǹkan kan. Wọ́n pè mí. Katusabe wò mí, ó ní, “Adyeri, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rẹ́rìn-ín?” Ìwé náà wà láyà mi ní àkókò yẹn gan-an. Mo ní, “Rárá.” Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń gbọ́ ohùn tí kò sí. Wọ́n yọ àpótí kúrò. Wọ́n dá Katusabe padà sílé, wọ́n ní ẹni tó ń gbọ́ ohùn kò lè di nọ́ọ̀sì. Èmi, wọ́n fún mi láṣọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń mú mi wá síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun pé kí n ròyìn àlá mi. Mo sì ròyìn rẹ̀. Mo tilẹ̀ fi nǹkan kún un.

Ọjọ́rú tó kọjá, ní ọjà Mugusu, ìyá Katusabe rí mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó fi ẹyin lé mi lọ́wọ́ nítorí pé mo gba ọmọ òun là. Mo bi í nípa ọmọ náà. Ó ní, “Adyeri, ó ti gbà báyìí pé kò gbọ́ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ó ní etí òun ló ń purọ́. Bí mo bá pè é wá jẹun, kì í tètè dáhùn. Á wá bá mi, á ní, ‘Mama, ṣé ẹ pè mí, àbí etí mi ni?’” Mo dá ẹyin náà padà.

Lọ́jọ́ Àìkú mo lọ sílé wọn. Mo gbé ìwé náà síwájú Katusabe. Ó kà á, ó tún un kà, ó fi ìka kan ọwọ́ ìkọ̀wé ara rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé ó máa gbá mi létí. Ó ní, “Ẹ rẹ́rìn-ín kí n gbọ́.” Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó ní, “Ẹ rẹ́rìn-ín rẹ̀, Adyeri.” Mo rẹ́rìn-ín, tẹkún-tẹkún, ẹ̀rín burúkú. Ó di ojú, ó gbọ́ ọ dópin. Ó ní, “Òun náà ni.” Ó bá dìde, ó sáré gba àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀, ó ń pariwo, “Mama, mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Etí mi ò purọ́.” N kò rí ayọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Dókítà, ìbànújẹ́ rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ẹ máa bá a tọ́jú ìyẹn bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ohùn tó gbọ́ kì í ṣe àìsàn. Èmi ni. Ìwé rẹ̀ ni mo so mọ́ èyí. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ yìí wúwo, ẹ má dá a gbé. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ fún, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹni tí ẹ ń rí lójú. Bí ẹnì kan bá sì ní ẹ kò gbọ́ ohun tí ẹ gbọ́, ẹ bi ẹlòmíràn kí ẹ tó gbà. Ẹ̀yin tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́kún lé lọ́wọ́, ẹ má bẹ̀rù iṣẹ́ yín ju ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ lọ bíi tèmi.

Mo bẹ Katusabe pé kó dárí jì mí. Ó ní, “Ibi tí ẹ ti pa irọ́ yẹn, ẹ lọ sọ òótọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́ tán, ẹ wá bi mí.” Mo ti sọ ọ́ tán. Bí ẹ ti ń ka èyí, ó dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín, aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ló wọ̀. Sista, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wọlé.