Ìran Tí N Kò Rí

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sùtánà yìí sílẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò yẹ ẹni tó wọ funfun. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tíì pé ogún ọdún, ṣùgbọ́n ó ti sú mi. N kò ṣàìsàn, n kò sì lálàá ikú. Ohun tí mo rí lọ́sẹ̀ tó kọjá ló là mí lẹ́nu, n ó sì dé ibẹ̀. Èmi Adéníkẹ́ tí ẹ ń pè ní aríran, mo parọ́ mọ́ Ẹ̀mí, irọ́ náà sì pa èèyàn.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé àǹtí mi, Ìyá Bímbọ́lá tó jókòó síbẹ̀ yẹn, ló tọ́ mi dàgbà ní Àpáta lókè Ọya níbí lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Ó bí Abímbọ́lá, ó bí Keziah, ó fi mí ṣe ẹ̀kẹta, ẹran tiwọn kò sì tóbi ju tèmi lọ rí. Mo ṣe ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì, mo fìdí rẹmi. Ni mo bá gba iṣẹ́ ní yàrá káàdì ilé ìwòsàn kan. Iṣẹ́ gidi ni o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Bí ẹni ojú fèrèsé kò bá rí káàdì aláìsàn, dókítà kò ní mọ oògùn tí ara onítọ̀hún kọ̀. Ṣùgbọ́n èmi kò rí i bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tí mò ń rí ni pé àwọn aláìsàn á máa gbá fèrèsé mi, "Malama, ina kati na?", káàdì mi dà, bí ẹni pé mo jí káàdì wọn gbé. Kí nọ́ọ̀sì kan wá kọjá lẹ́yìn wọn báyìí, ohùn wọn á rọ̀, wọ́n á máa ṣàdúrà fún un: "Sista, Allah ya saka." Mò ń jowú àwọn tí n kò tiẹ̀ mọ orúkọ wọn.

Ìgbà tó yá, Keziah parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì mú un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó gbìyànjú. Ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn tún mú un láti kọ́ iṣẹ́ àkọsílẹ̀ aláìsàn, irú iṣẹ́ tèmi. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń bó pòtétò. "Àǹtí Níkẹ́, don Allah, ẹ bá mi wò ó. Iṣẹ́ tiyín, ẹ ń dé nílé láago mẹ́rin, ẹ kì í ṣiṣẹ́ òru. Ti nọ́ọ̀sì, ìdúró ṣáá ni. Amma èmi fẹ́ máa fọwọ́ kan èèyàn kí ara ẹ̀ balẹ̀." Ìmọ̀ràn ló ń wá lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi sì jókòó pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, mò ń rò ó pé ṣé ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn yìí ló máa wá máa wọ funfun kọjá níwájú fèrèsé mi lójoojúmọ́? Mo ní lọ́kàn mi pé kò ní ṣẹlẹ̀. Mo sọ fún un pé kó jẹ́ ká gbé e síwájú Ọlọ́run.

Ẹ mọ àṣà wa, ọmọ kì í yan iṣẹ́ láì dé ọ̀dọ̀ aríran. Ọjọ́rú ni àǹtí mi mú un wá, èmi ni aríran ọjọ́ náà. Mo kúnlẹ̀, mo gbọ̀n bí mo ṣe máa ń gbọ̀n. Àwọn ìran mìíràn tí mo sọ fún yín, mo gbà pé mo rí wọn. Ti ọjọ́ yẹn, n kò rí nǹkan kan. Mo ní, "Báyìí ni Ẹ̀mí wí: ọmọ yìí kò gbọdọ̀ bá ẹ̀jẹ̀ ṣe. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára rẹ̀ tí Keziah fọwọ́ kàn, ẹni náà á kú." Àǹtí mi wólẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Keziah sunkún títí, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ káàdì.

Mo rò pé ara á tù mí. Ọmọ náà dé ọ́fíìsì wa, kò pẹ́ tó fi mọ iṣẹ́ jù mí lọ. Ó tún yàrá káàdì tò débi pé aláìsàn kò gbá fèrèsé mọ́. "Ina Keziah?" ni wọ́n ń wí bí wọ́n bá ti dé. Wọ́n fi í ṣe ọ̀gá wa. Mo fà á wá sórí ìjókòó tèmi kó má baà ga jù mí, orí ìjókòó náà ló ti ga jù mí. Ẹlòmíì ì bá ronú pìwà dà. Tèmi, owú náà tún le sí i ni.

Lẹ́yìn náà ni ọdún tí wọ́n kéde kónílé-ó-gbélé. Bímbọ́lá ti lọ́kọ, Zawan ni òun àti Ọládayọ̀ ọkọ rẹ̀ ń gbé, ọ̀dọ̀ wọn ni èmi, àǹtí mi àti Keziah wà nígbà tí ìrọbí mú Bímbọ́lá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò sí ọkọ̀. Ọládayọ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ bẹ àwọn sójà. Kó tó dé, ọmọ ti wáyé, ibi ọmọ ti jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Keziah dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó ní, "Àǹtí Níkẹ́, àwọn agbẹ̀bí tí a jọ ń jẹun níbi iṣẹ́ ní ká máa fọwọ́ ra ilé-ọmọ gírígírí lábẹ́ ìdodo títí á fi le. Ẹ bá mi ṣe é, èmi ò gbọdọ̀." Mo gbé ọwọ́ lé e, n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí Keziah kò lè wò ó mọ́, ó ta mí nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra á fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ń dínkù. Mo fi ojú mi rí i. Bímbọ́lá gan-an ní, "Kezi, kar ki daina. Má dúró."

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dákẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé bí Bímbọ́lá bá yè é, ìran mi di irọ́, Keziah á sì di nọ́ọ̀sì mọ́ mi lójú láì dé ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo ní, "Keziah, gbọ́wọ́ kúrò. Ṣé o ti gbàgbé ohun tí Ẹ̀mí wí ni?" Ẹ̀rù ba àǹtí mi, ó fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Mo ní ká gbàdúrà. Àdúrà la wà tí Bímbọ́lá fi kú. Keziah wò mí, ó ní, "Àǹtí, ọwọ́ mi ni, àbí?" Mo fa aṣọ bo ojú Bímbọ́lá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Táyọ̀, ọmọ tí Bímbọ́lá fi sílẹ̀ lọ, ṣubú lójúde, orúnkún rẹ̀ bó. Ó sáré lọ bá Keziah, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i. Keziah fi ọwọ́ tirẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn, ó ń sá fún un, ó ń ké pe àǹtí mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yẹn, Keziah kò gbé e rí. Èmi ni mo fọ egbò náà. Bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́, Táyọ̀ bi mí pé, "Anti Kezi ba ta so na, ko?" Ọmọ ọdún márùn-ún rò pé wọn kò fẹ́ràn òun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń yan iṣẹ́, bóyá ti aláìsàn lórí ibùsùn ni o, bóyá ti káàdì, ẹ wo ojú ẹni tó ń gbà yín nímọ̀ràn dáadáa. Ó lè jẹ́ ohun tí ọwọ́ òun kò tẹ̀ ló ń dùn ún. Àǹtí mi, Ọládayọ̀, ẹ dárí jì mí bí ẹ bá lè. Bí ẹ kò bá lè, ẹ jàre. Keziah, n kò bẹ̀ ọ́ fún ara mi lónìí. Ìwọ kò pa ẹ̀gbọ́n rẹ. Ò ń gbà á là ni, èmi ni mo dá ọ dúró. Táyọ̀ ló jókòó níwájú rẹ yẹn. Gbé e.