Ìran Tí N Ò Rí Ni Mo Sọ fún Tóyìn

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bú mi. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. N ò sọ fún ọkọ mi títí ó fi kú. N ò sọ fún olùṣọ́àgùntàn wa. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọmọbìnrin kan ń gbààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kó fi ẹ̀ṣẹ̀ òun han òun. Kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Èmi ni mo ṣẹ̀.

Ìkẹ́rẹ́ ni mò ń gbé. Aránṣọ ni mí. Ìjọ aláṣọ funfun ni à ń lọ, èmi ni mo sì rán sùtánà ọ̀pọ̀ nínú wọn. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ abẹ́rẹ́, mo máa ń ríran. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe irọ́ ni gbogbo rẹ̀ o! Mo ti rí oyún aládùúgbò mi kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀ pé òun lóyún. Nítorí náà, bí mo bá ti lanu, wọ́n á gbọ́. Akọ̀wé ìran á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá kan, á kọ ọjọ́ sí i, á kọ orúkọ ẹni tó rí i.

Ẹ jẹ́ kí n pe ọmọ náà ní Tóyìn. Orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́. Tíṣà ni ìyá rẹ̀, a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Bàbá rẹ̀ ń ṣoko kòkó ní Ìgbàrà-Odò. Tóyìn àti ọmọ mi Káyọ̀ jọ jáde ìwé mẹ́wàá ni, wọ́n sì jọ fẹ́ ṣe dókítà. Yunifásítì ìjọba kan tó jìnnà réré, ní Òkè Ọya, ni àwọn méjèèjì fi orúkọ sí. Nígbà tí lísìtì jáde, orúkọ Tóyìn wà níbẹ̀. Ti Káyọ̀ kò sí.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, yunifásítì aládàáni tuntun kan tí kò jìnnà sí wa ní kí Tóyìn máa bọ̀ wá kọ́ iṣẹ́ dókítà lọ́dọ̀ àwọn. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó wà l'Ékòó ní òun á san owó ilé ìwé náà. Ni ọ̀rọ̀ bá di èwo ni ká mú. Ilé ìwé ti Òkè Ọya ti pẹ́, dókítà tó ti ibẹ̀ jáde kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ ń ba gbogbo ayé lẹ́rù. Ti ìtòsí, kò tíì sí dókítà kan ṣoṣo tó tibẹ̀ jáde rí. Tóyìn fẹ́ lọ sí Òkè Ọya. Ó tiẹ̀ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn lédè Hausa, ó ń fi í pa wá lẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ ni àyà rẹ̀ ń já.

Ní ìjọ wa, a kì í dá irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ṣe. Wọ́n kó ìwé ìgbaniwọlé méjèèjì wá síwájú pẹpẹ, wọ́n tan àbẹ́là lé wọn lórí. Wọ́n ní kí n gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí n bá wọn béèrè èyí tí Ọlọ́run fọwọ́ sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi. Olùkọ́ kan ti sọ fún mi pé iye ọmọ tí ilé ìwé Òkè Ọya yẹn ń mú láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan níwọ̀n. Ó ní bí ọmọ Èkìtì kan bá kọ̀ tí kò lọ, wọ́n lè fi ọmọ Èkìtì mìíràn rọ́pò rẹ̀ nínú lísìtì kejì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò létí mi. Mo ń sọ fún ara mi pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn.

Mo gba ààwẹ̀ náà lóòótọ́. Mo kúnlẹ̀ títí eékún mi fi wú. N ò rí nǹkan kan. Kò sí ohùn, kò sí àlá. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, a máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, kò sì sí ẹni tó ń bínú sí aríran tí kò rí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo dìde láàárín ìjọ. Mo ní mo rí ọ̀nà gígùn kan. Mo ní mo rí bàtà ọmọbìnrin, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, lójú títì. Ibi tí mo ti mú bàtà yẹn wá, n ò mọ̀ títí dòní. Ìyá Tóyìn figbe ta: "Yéè! Ọmọ mi ò níí lọ!" Omi ń bọ́ lójú Tóyìn. Akọ̀wé ìran ní kí n tún ti bàtà yẹn sọ, kí òun lè kọ ọ́ dáadáa. Mo tún un sọ.

Káyọ̀ wọlé nínú lísìtì kejì. Bóyá ààyè Tóyìn ni, bóyá òun kọ́, n ò lè búra. Èmi mọ ohun tí mo torí rẹ̀ ṣe é. Àwọn kan bi mí pé ṣé ẹ̀rù ò bà mí láti rán ọmọ mi gba ọ̀nà kan náà. Mo ní orí ò jọ orí, Tóyìn ni ìran náà wà fún. Ẹ ò rí ojú burúkú!

Látìgbà náà ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Káyọ̀ bá ń padà sílé ìwé, oúnjẹ kì í gba ọ̀fun mi kọjá títí yóò fi pè pé òun ti dé. Bàtà tí n ò rí yẹn ni mo wá ń rí. Mo ń rí i nídìí máṣìnnì mi. Ẹ sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán la fi ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń bọ́ bàtà sí, n kì í lè wolẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá ṣèèṣì rí ẹsẹ̀ kan tó dá wà, ara mi á tutù.

Ọmọ mi lọ, ó bọ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Dókítà ni lónìí. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Dókítà, mo sì ń dáhùn.

Ti Tóyìn ńkọ́? Ó ti wà lọ́dún kẹrin kí wọ́n tó sọ fún wọn pé àwọn aláṣẹ kò fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ dókítà níbẹ̀, kí kálukú mú ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló tún gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn, kò bọ́ sí i. Ilé ìwé jẹ́léósinmi kan ní Ògòtún Èkìtì ló ti ń kọ́ ọmọ báyìí. Ìyá rẹ̀ kò sì yé dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́dọọdún ló ń gbé iṣu wá. "Uṣu ree o, Ìyá Dókítà. Ọlọ́run ló lò yín, ọmọ mi ì bá ti kú." Mo ń gún iṣu náà níyán, mo ń jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá kọ̀ ọ́, kí ni mo fẹ́ wí?

Oṣù tó kọjá ni Tóyìn wá bá mi. Ó ti rù. Ó ní gbogbo ilẹ̀kùn tí òun kàn ló tì, ó dá òun lójú pé òun ti ṣẹ Ọlọ́run. Ó ní lọ́jọ́ tí mo ríran yẹn, inú bí òun sí Ọlọ́run dípò kí òun dúpẹ́, bóyá ìyẹn ló dí òun lọ́nà. "Màmá, ẹ bá mi bi Í. Kí ni mo ṣe?"

Mo fẹ́ kó kúrò níwájú mi ni. Mo ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ẹ gbà mí o! Èmi náà ni wọ́n ní kí n máa bójú tó o. Láràárọ̀ ló ń wá kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi. Ó ti jẹ́wọ́ ẹja tó jí jẹ nínú ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré. Ó ti jẹ́wọ́ irọ́ tó pa fún tíṣà rẹ̀. Lánàá, ọjọ́ kejìlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó fẹ́ dìde. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jáwọ́, pé Ọlọ́run ti gbọ́. Ó kọ̀. Ó ní àfi bí òun bá rí ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Bí mo bá sọ òtítọ́, Káyọ̀ á gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ ṣe kó lè rí ààyè wọ yunifásítì, n ò sì mọ̀ bóyá yóò tún lè wojú mi. Ìyá Tóyìn ńkọ́? Ìjọ ńkọ́? Bí n ò bá sì sọ, ebi á pa ọmọ ọlọ́mọ kú sí mi lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún? Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Ẹ má pẹ́ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Láàárọ̀ yìí ó ní òun kò rí òmíràn sọ mọ́. Ó kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wò mí. Ó ti jẹ́wọ́ tirẹ̀ tán. Tèmi ló kù.