Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Nínú Báàgì Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Èmi náà máa ń kà á. Màá ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, màá ní irú èèyàn wo nìyí, màá sì ṣí ìwé kọjá. Lónìí, ó ti kàn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Ọkọ mi gbà pé òun lòun pa ìyá òun. Àwọn ẹbí rẹ̀ náà gbà bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé irọ́ ni, nítorí ọwọ́ mi ni ikú yẹn ti wá, mo sì ti fi í pa mọ́ láti ọdún mélòó kan wá. Ọmọ mi obìnrin ló béèrè ìbéèrè kan nígbà tí à ń jẹun láìpẹ́ yìí, láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú mi. Màá dé ibẹ̀.

Ọmọ Iyere ni mí, Ọ̀wọ̀ ni mo wá lọ́kọ sí, iṣẹ́ ìjọba ni mo sì ń ṣe. Èmi kì í fi nǹkan sílẹ̀ káàkiri. Tí mo bá rí kọ́kọ́rọ́ lára ilẹ̀kùn báyìí, inú báàgì mi ló ń lọ. Kọ́kọ́rọ́ ilé, ti ọ́fíìsì, ti kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọkọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà, á ní lọ́jọ́ tí mo bá dé ọ̀run, Pétérù á wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ títí. A jọ máa ń rẹ́rìn-ín sí i ni.

Ute ni ìyá ọkọ mi ń gbé. Àgbẹ̀ ni wọ́n, bàbá ọkọ mi sì ti kú tipẹ́. Ojú wọn wá ń ṣú, la bá ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa l'Ọ́wọ̀ kí wọ́n lè rí dókítà ojú. Ọkọ mi lọ mú wọn ní Sátidé kan. Bí wọ́n ṣe fẹ́ máa bọ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ kọ̀, kò dún mọ́. Ó pè mí pé kí n gbé ọkọ̀ tèmi wá, kí n wá fà á délé, torí pé mẹkáníìkì tó mọ ọkọ̀ náà wà l'Ọ́wọ̀.

Nígbà tí mo dé Ute, abẹ́ igi ni mo bá a pẹ̀lú àwọn àbúrò bàbá rẹ̀, wọ́n fi ẹmu ṣe é lálejò. Ife kan ló mu. Ojú mi ló ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ife ẹmu yẹn.

Màmá ti di ẹrù bí ẹni tí kò ní padà wá mọ́. Iṣu, gàrí, ọ̀gẹ̀dẹ̀, epo pupa. Búùtù ọkọ̀ ọkọ mi kún fọ́fọ́. A kó ìyókù sínú tèmi, iṣu kún ẹ̀yìn títí dé òrùlé. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo sí ìjókòó iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fi bẹ́líìtì dì í dáadáa kó má baà dà.

Ọkọ mi ní kí n gbé epo kúrò níbẹ̀, kí Màmá jókòó tì mí. Ó ní ọkọ̀ tí wọ́n bá ń fà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà nínú rẹ̀ ju ẹni tó ń tọ́ ọ lọ. Mo ní níbo ni kí n wá gbé epo sí, ṣé orí mi ni? Mo ní ọ̀nà ò kúkú jìn. Àmọ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ẹnu Màmá ni mo ń sá fún. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọjà Ijagba, ẹ ò ní rí ibi já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu títí ẹ ó fi délé. Ó ti rẹ̀ mí. Mo fẹ́ gbọ́ rédíò mi jẹ́jẹ́. Bí Màmá ṣe lọ jókòó ti ọmọ wọn nínú ọkọ̀ tó ti kú nìyẹn. Wọ́n ní àwọn ò lo bẹ́líìtì, pé ó ń fún àwọn láyà. Epo ló lo bẹ́líìtì lọ́jọ́ náà.

Ọkọ mi ló so okùn mọ́ ọkọ̀ méjèèjì. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Ó ní tí ẹ́ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́, bíréèkì á le, sítíárìn á sì wúwo, nítorí náà kí n máa rọra. Ó ní kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà lójú ihò rẹ̀, kó sì wà ní yíyí, torí tí èèyàn bá yọ ọ́, sítíárìn á há, kò ní yí mọ́. Ó ní tí òun bá ti fọn fèrè ọkọ̀, kí n dúró. Mo ní mo ti gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́, mi ò lè sọ pé mi ò gbọ́.

A gbéra. Ó ń lọ dáadáa. Nígbà tó yá, okùn fẹ́ tú, ọkọ mi fọn fèrè, mo dúró. Ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó ń tún okùn so. Òjò ti ṣú, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́. Èmi náà sọ̀ kalẹ̀, mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká bí mo ṣe máa ń ṣe. Màmá ní òtútù ń mú àwọn, pé ìborùn àwọn wà nínú búùtù.

Mo na ọwọ́ wọnú ọkọ̀ wọn, mo yọ kọ́kọ́rọ́ lójú ihò rẹ̀, mo lọ ṣí búùtù. Mo wá ìborùn náà rí lábẹ́ àpò gàrí. Mo pa búùtù dé, mo wá fi ìborùn bo Màmá léjìká. Wọ́n gbàdúrà fún mi pé ọmọ á bo èmi náà láṣọ lọ́jọ́ alẹ́ mi. Mo ṣe àmín.

Mi ò rántí ìgbà tí mo sọ kọ́kọ́rọ́ náà sínú báàgì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí. Ọwọ́ mi kàn ṣe ohun tó ti mọ́ ọn lára ni.

Ọkọ mi dìde, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó béèrè pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí, kó jẹ́ ká máa lọ kí òjò tó dé. Ó wọlé, kò wo ojú kọ́kọ́rọ́. Kí ló fẹ́ máa wò ó fún? Òun fúnra rẹ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ síbẹ̀.

Ọ̀nà tààrà la kọ́kọ́ tọ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́, ó sì ṣẹ́ kọ́nà. Mo gbọ́ fèrè. Ó fọn ún ṣókí, ó tún fọn ún gùn. Mo rò pé ó ń bínú pé mo ń sáré ni. Mo sọ sókè nínú ọkọ̀ mi pé ọkùnrin yìí ti tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò dúró. Okùn fà mí lẹ́yìn, ó já. Nígbà tí mo wo dígí, mo rí i pé ọkọ̀ wọn ò tẹ̀lé mi yà. Ó lọ tààrà sínú àwọn igi tíìkì.

Apá ọkọ mi kán. Màmá fi orí gbá dígí iwájú. Ọkọ̀ kan tó ń bọ̀ dúró, wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ sílé ìwòsàn. Kò sí àyè fún mi nínú rẹ̀, wọ́n ní kí n dúró ti ẹrù, kí n máa pe ẹbí. Mo tọwọ́ bọ báàgì láti wá fóònù mi. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ni ọwọ́ mi bà.

Mo mọ ohun tí mo ṣe lójú ẹsẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹnì kankan. Mo wọ inú ọkọ̀ náà láti ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, mo ki kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò rẹ̀, mo yí i. Sítíárìn tó há tú sílẹ̀. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, ó ń gbọ́ràn sí mi lọ́wọ́. Ìborùn Màmá wà nílẹ̀ níbi ẹsẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Màmá ò pẹ́ nílé ìwòsàn náà kí wọ́n tó kú.

Nígbà tí ẹbí pé jọ, ọkọ mi ní sítíárìn ló kọ̀ tí kò yí, òun fi gbogbo agbára yí i, ó há. Wọ́n ní kí mẹkáníìkì lọ wò ó. Ó wò ó, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Wọ́n béèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀, mo ní ojú ihò rẹ̀ ni mo bá a. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Àǹtí Mojí, wá yíjú sí i, wọ́n ní, "Kí lo mu ní Ute?"

Ó ní, "Ẹmu. Ife kan."

Àǹtí Mojí dìde kúrò níbẹ̀. Èmi ń sunkún níbi tí mo jókòó sí, àwọn èèyàn ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́ pé kí n mọ́kàn le.

Láti ìgbà náà, ọkọ mi ò wa ọkọ̀ mọ́. Kò fẹnu kan ẹmu mọ́. Àǹtí Mojí kì í wọ ilé wa mọ́. Èyí tó dùn mí jù ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá, òun ló máa ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi, ohùn rẹ̀ dùn. Ó fi sílẹ̀. Kò gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa mọ́. Tí gbogbo wa bá dìde lọ síwájú pẹpẹ, òun á jókòó, á dorí kodò. Ó ní ọwọ́ tó pa ìyá kò yẹ kó gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Èmi máa ń dìde, màá kọjá lára orúnkún rẹ̀, màá lọ gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo irú mi.

Ọmọ wa obìnrin, Tósìn, ti wá ń kọ́ ọkọ̀ wíwa báyìí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí à ń jẹun, ó ní olùkọ́ àwọn kọ́ àwọn pé tí kọ́kọ́rọ́ ò bá sí lójú ihò rẹ̀, sítíárìn á há. Ó wojú bàbá rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ṣé kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Ọkọ mi ní, "Ó wà níbẹ̀. Mọ́mì ẹ ló bá a níbẹ̀." Ó wá kọjú sí mi. "Àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo tún pa irọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, àkàrà ṣì wà lẹ́nu mi. Nígbà tí a wọ yàrá, ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní, "Ìyá Tósìn, ìwọ nìkan ni o ò dá mi lẹ́bi rí. Ọlọ́run á bá mi san án fún ọ." Mo ní kó sùn. Òun sùn.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀rù ń bà mí. Tí mo bá sọ ọ́, ó lè lé mi, ọmọ mi lè kórìíra mi, Àǹtí Mojí á sì sọ ọ́ káàkiri Ọ̀wọ̀ àti Ute. Tí mi ò bá sọ ọ́, ọkọ mi á gbé ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá wọ sàréè. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mi ò fẹ́ kí ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo pinnu pé mi ò ní dìde. Àwọn èèyàn ń lọ síwájú pẹpẹ, mo jókòó ti ọkọ mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ sí i létí níbẹ̀, kó tán síbẹ̀. Mo ti la ẹnu. Ló bá fọwọ́ kàn mí lápá, ó rọra sọ fún mi pé, "Dìde, máa lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ mi kì í ṣe tìẹ."

Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́nà kí n lè rí àyè kọjá. Mo dìde. Mo lọ, mo sì gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ fi mí bú tán, kí ẹ wá sọ fún mi: ọ̀rọ̀ wo ni mo lè fi bẹ̀rẹ̀ níwájú ọkùnrin yìí?