Ìyá Tó Ń Sá Bátìrì

Lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó kó àwa àti iṣu láti Ogbooro lọ sí Ṣakí, ìyá àgbà kan sá bátìrì mẹ́rin sóòrùn lórí itan rẹ̀ bí ẹni ń sá èlùbọ́, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì í ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ìyá, oòrùn nìkan ò tó. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá kásẹ́ẹ̀tì padà síbẹ̀rẹ̀, ẹ máa fi bírò yí i. Tẹ́ ẹ bá ní kí ẹ̀rọ dá a padà, ó ń jẹ bátìrì.”

“Bírò náà ni mo fi ń yí i. Ohùn ọmọ mi tó wà ní ìlú òyìnbó ló wà níbẹ̀. Tí bátìrì bá ti rẹ̀, ohùn rẹ̀ á máa fà bíi ti aláìsàn, àyà mi á sì máa já.”

“Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ọ tán?”

“Rárá. Tó bá ti kù díẹ̀ kó sọ pé ó dàbọ̀, mo máa ń pa á.”

“Ìyẹn náà dáa. Bátìrì á pẹ́.”

“Torí bátìrì kọ́, ọmọ mi.”