Owó Tí Wọ́n Yà Sọ́tọ̀ fún Ẹ̀yìn Harlan

Dókítà sọ fún mi lọ́jọ́ Ẹtì pé ẹ̀dọ̀ mi ò ní pẹ́ kọṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, Nadine ọmọ mi, fa àga sún mọ́ mi, kí n sọ ohun tí mo fi pamọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. Kì í ṣe igi tó lu bàbá rẹ ló ba ayé rẹ̀ jẹ́. Èmi ni.

O mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Oregon níbí ni ìtì igi ti yí lu ẹ̀yìn Harlan bàbá rẹ. Nígbà tí ilé iṣẹ́ àti òun parí ẹjọ́, wọ́n ya ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin dọ́là sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ẹ̀yìn náà lọ́jọ́ iwájú. Lọ́yà kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ ná an sí nǹkan mìíràn, torí ìjọba tó ń bá a san owó ìwòsàn ò ní san ohunkóhun lórí ẹ̀yìn yẹn àfi tí a bá fìwé hàn pé orí rẹ̀ ni owó náà tán sí. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fa irú owó bẹ́ẹ̀ lé àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti bá èèyàn tọ́jú owó lọ́wọ́. Mo ní kí ló kan àjèjì nínú owó wa. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lorna ìyàwó mi tó ń ka ẹyin inú firiji? Ẹ fún un, kò séwu."

Ó ti di ọdún mẹ́fà nígbà náà tí Dale ẹ̀gbọ́n rẹ ti lọ sí Alaska. Àárò rẹ̀ ń pa mí. Bí mo bá gbọ́ ìró ọkọ̀ lójú ọ̀nà, ọwọ́ mi á dúró sínú omi abọ́. Mo ṣì ń fọ aṣọ ibùsùn tí ẹnikẹ́ni ò sùn lé. Lọ́jọ́ kan ó pè, ó ní gbèsè ọkọ̀ ìpẹja ni ò jẹ́ kóun wálé. "Màámi, tí n bá ti san án báyìí, mo ti délé nìyẹn." Mo fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là ránṣẹ́ nínú owó ẹ̀yìn náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ẹ́ńjìnì tó bàjẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ìyàwó tó ń pè é lẹ́jọ́. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, Nadine. Ohùn rẹ̀ ni mò ń fi owó rà.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri, dókítà ní iṣẹ́ abẹ lè dá a padà. Kí Harlan tún dúró nínú odò, kó ju ìwọ̀ sẹ́ja, kò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjọba béèrè ìwé ìnáwó. Ẹgbẹ̀rún méjì ló kù. Wọ́n ní àwọn ò ní san. Mo sunkún nínú ọkọ̀ títí ojú mi fi gbẹ, mo wá wọlé lọ bá a, mo ní:

"Dókítà ní ó ti pẹ́ jù. Iṣẹ́ abẹ ò lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ mọ́."

Ó di ọwọ́ mi mú. "Má sunkún mọ́. O ti sa gbogbo ipá rẹ."

Òun ló ń tù mí nínú. Ọdún mẹ́ta ló lò lórí àga onítáyà kó tó kú. Dale ò wá sin ín.

Iṣẹ́ orí òrùlé ni ọkọ tìrẹ ń ṣe jẹun. Bí aburú bá ṣe é, tí wọ́n bá ya owó ìtọ́jú ara rẹ̀ sọ́tọ̀, má gbà á sọ́wọ́. Fà á lé ẹni tí kò mọ orúkọ ọmọ rẹ lọ́wọ́. Bí o bá lè dárí jì mí, dárí jì mí, ṣùgbọ́n mi ò ní fi irọ́ tọrọ rẹ̀. Dale tún pè lánàá. Kí Ọlọ́run ṣàánú mi, inú mi dùn.