Ewúrẹ́ Tí Ó Ń Yó Wálé

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu obìnrin kan àti ìyá àgbà aládùúgbò rẹ̀, níbi tí a ti ń lọ ata ní Egan.

"Màmá, ewúrẹ́ mi ti kọ èèpo ẹ̀gẹ́. Ó ń yó wálé. Iléyá ń bọ̀, ẹnìkan ń fi oúnjẹ tàn án."

"Ta lo fura sí?"

"Ilé yín ṣá ló máa ń lọ."

"Èmi? Eyín wo ni mo fẹ́ fi jẹ ẹ́? Igbó ẹ̀yìn ilé mi ló ń bá lọ, jàre. Ewé ìyeyè àti ọ̀pọ̀tọ́ ibẹ̀ ni ara rẹ̀ fi ń dán."

"Màá so ó mọ́lẹ̀ láti òní."

"So ó. Tó bá rù, má tún ní èmi ni."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ẹ tó fura sí aládùúgbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀lé ewúrẹ́ yín dé ibi tí ó ti ń jẹun.