Ìbòjú Tí Tsune Gbà Láìtẹríba

Ìyá ọkọ mi, Kiku, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, lọ́jọ́ tí mo di opó. Ó ní, "Nu imú ẹ. Opó kan ti ṣáájú ẹ nínú ilé yìí."

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yin ọmọ, kí ọ̀nà mọ́tò tó gun òkè yìí, Tsune ni ìyá ńlá tó tẹ ilé wa dó. Iyọ̀ ló ń tà. Yóò sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun, yóò ra iyọ̀, yóò pọ̀n ọ́n, yóò tún gun òkè. Yóò sọ̀, yóò gùn, yóò sọ̀, yóò gùn, títí èjìká rẹ̀ fi yi bí awọ. Ọkọ rẹ̀, Yahei, ló ń gbé ìbòjú òrìṣà òkè nínú kagura, ijó mímọ́ tí a fi ń dúpẹ́ ìkórè ìrẹsì. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ìbòjú náà. Ọmọ wọn ni yóò jogún rẹ̀.

Nígbà òtútù kan, yìnyín ya lulẹ̀ nínú igbó, ó bo Yahei mọ́lẹ̀, ó kú. Tsune kò tíì nu omijé tán tí Genba, olórí àwọn oníjó, fi dé. Kò wọlé o. Ìta ló dúró sí.

"Ìyàwó Yahei, òkú ti sọ ilé yín di aláìmọ́. Gbé ìbòjú wá. Ìwọ àtọmọ ẹ, ẹ ò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ ijó mọ́."

"Títí di ìgbà wo, Bàbá?"

"A óò máa wò ó."

Ẹ gbọ́ èsì àgbàlagbà! Tsune gbé ìbòjú jáde, ọmọ ara rẹ̀ ni Genba sì gbé e fún. Ṣé ó ti yé yín?

Ṣùgbọ́n iyọ̀ Tsune, wọn ò yéé rà á. Ọwọ́ opó ò lẹ́gbin nígbà tí ọbẹ̀ bá tẹ́.

Ọjọ́ ọdún ìkórè pé. Gbogbo abúlé orí òkè pé jọ. Ẹ sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ kì í wọ ilẹ̀ ijó láìjẹ́ pé a fi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọ́n da iyọ̀, àwọn oníjó wọlé, ọmọ Genba de ìbòjú mójú. Tsune wá dúró sẹ́yìn okùn koríko tí wọ́n fi yí ilẹ̀ náà ká.

"Bàbá Genba, iyọ̀ ta lẹ dà sílẹ̀ yìí?"

"Iyọ̀ ni iyọ̀."

"Inú yàrá tí a tẹ́ òkú Yahei sí ni mo kó o sí. Ọwọ́ mi yìí ló wọ̀n ọ́n fún ìyàwó yín. Bí ilé mi bá lẹ́gbin, inú ẹ̀gbin ni gbogbo yín dúró sí yẹn. Bí kò bá lẹ́gbin, ẹ dá ìbòjú ọmọ mi padà."

Ará abúlé kejì kan kígbe pé, "Genba, fèsì, òtútù ń pa wá!" Ẹ̀rín sọ. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Genba wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó tú ìbòjú kúrò lójú ọmọ rẹ̀, ó nà án sí Tsune kọjá okùn. Kò bẹ̀ ẹ́. Kò tilẹ̀ wò ó.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ ilé wa kì í fi í tẹríba bó bá ń gba ìbòjú. Àwọn tó kù ń tẹríba, wọ́n ń pè wá ní aláfojúdi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè wá bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ kan ni Tsune nà, ó gbà á, ó dúró gbọingbọin. Ta ní í kúnlẹ̀ gba ohun tí í ṣe tirẹ̀?